Ẹni Tí Ò Já Ewé

Kẹ̀kẹ́ kan ṣoṣo ló ń sọ̀ kalẹ̀ látorí òkè, àmọ́ ẹsẹ̀ èèyàn bí ogún ló ń dún lẹ́yìn ẹ̀.

Ṣẹ́gunfúnmi gbọ́ ọ. Ìsàlẹ̀ níbi tí ọ̀nà náà parí sí ló wà, lábẹ́ igi káṣú, ó ń fi òróró sí ṣéènì kẹ̀kẹ́. Ọ̀sán gangan ni. Ó gbójú sókè, ó rí Olúwaṣèyítán, géńdé káfíńtà kan láti Ìnísà, tó ń bọ̀ fìà, tó di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú pinpin, tó la ẹnu sílẹ̀. Kò sẹ́nì kankan lẹ́yìn ẹ̀. Eruku nìkan ni. Àmọ́ ẹsẹ̀ yẹn ń dún, gbì, gbì, gbì, bí ìgbà tí àwọn àgbẹ̀ bá ń lé ewúrẹ́ tó wọko.

Kẹ̀kẹ́ náà ò tíì dúró tí Olúwaṣèyítán fi já bọ́. Kò kọlu nǹkan kan. Ilẹ̀ ibẹ̀ rọ̀, kò sí òkúta. Àmọ́ nígbà tí Ṣẹ́gunfúnmi ká ẹ̀wù ẹ̀ sókè, ojú kùmọ̀ mẹ́ta ló wà lẹ́yìn ẹ̀, ó wú, ó dúdú bí ẹ̀dọ̀. Orí ẹ̀ ti bẹ́, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn wọ etí.

"Ta ló lù ẹ́?"

"Wọ́n pọ̀, bọ̀ọ̀dá. Ibi òkìtì yẹn ni wọ́n ti jáde. Mo ń gbóhùn wọn, mi ò rójú wọn."

"Kí ni wọ́n ń sọ?"

Olúwaṣèyítán wò ó. "Olè ni wọ́n ń pè mí."

Ṣẹ́gunfúnmi bu omi sí i lórí, ó fi àkísà nu etí ẹ̀, ó ní kó máa lọ sílé, kó sọ pé òun ṣubú. "Àbí o fẹ́ kí wọ́n máa fi ẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́ ní Ìnísà? Pé ta ló lù ọ́? Ẹni tí ò sí?" Bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ó mọ ibi tí ìtìjú èèyàn wà, ibẹ̀ ló ti máa ń ná an.

Ọdún '92 ni. Ta ni ò mọ Ṣẹ́gunfúnmi Oníkẹ̀kẹ́ ní Ìkìrun? Kò kàwé kọjá ìwé kejì, àmọ́ etí ló fi ń nájà. Tó o bá ti mí kanlẹ̀, ó ti mọ̀ bóyá wàá já a wálẹ̀ sí i. Kẹ̀kẹ́ háyà ló fi ń jẹun. Nígbà tí ọ̀kadà wá pọ̀, tẹ́nì kankan ò háyà kẹ̀kẹ́ lọ sọ́jà mọ́, àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ta tiwọn fún àwọn tó ń ra irin. Òun jókòó, ó ronú. Ó rí i pé adùn kẹ̀kẹ́ ò sí nínú gígùn ún lọ síbi kankan. Ìgbà tó bá ń sọ̀ gẹ̀rẹ́ ni adùn ẹ̀ wà.

Ló bá lọ síbi òkè tó wà láàrin Ìkìrun àti Ìnísà, lójú ọ̀nà àtijọ́ tí àwọn elépo ń gbà. Ẹ̀ẹ̀rùn méjì ló fi kọ́ ọ. Ó gba lébìrà, wọ́n fi ọkọ́ gé ojú ọ̀nà náà kó dán. Níbi tí ọ̀nà bá ti ṣẹ́ kọ́nà, wọ́n fi amọ̀ gbé etí ẹ̀ sókè bí etí àwo, kí táyà lè fara tì í, kó má yọ̀. Tó o bá ti jókòó sórí kẹ̀kẹ́ lókè, o ò nílò pẹ́dà mọ́. Ọ̀nà náà á gbé ẹ bí odò ṣe ń gbé igbá. Ọ̀nà Gẹ̀rẹ́ ni wọ́n ń pè é. Ní kọ́nà kẹta, òkìtì kan wà tó ga tó àyà èèyàn. Kẹ̀kẹ́ á sáré gùn ún, á fò, ara á fúyẹ́, wàá balẹ̀ wọ̀ọ̀. Nítorí òkìtì yẹn ni wọ́n ṣe ń wá háyà kẹ̀kẹ́ láti Òkukù.

Òkìtì ewé ni òkìtì yẹn tẹ́lẹ̀.

Àwọn tó ní oko níbẹ̀ ní àṣà kan. Ibi tí wọ́n bá ti pa èèyàn lójú ọ̀nà, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kọjá níbẹ̀ lọ́wọ́ òfo. Wàá já ewé kan, wàá jù ú síbẹ̀, wàá ní, "Ọwọ́ mi ò sí níbẹ̀." Lẹ́yìn náà ni wàá máa lọ. Ewé á jẹrà, òmíràn á bọ́ lé e, títí ẹni tọ́wọ́ ẹ̀ wà níbẹ̀ á fi jẹ́wọ́. Ṣẹ́gunfúnmi gba ibẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀kan. Ó já ewé. Ẹnu ẹ̀ ò ṣí. Àtọjọ́ náà, ọ̀nà ibòmíràn ló ń gbà. Nígbà tó wá ń kọ́ Ọ̀nà Gẹ̀rẹ́, ó lé àwọn lébìrà lọ jẹun, ó sì fi ọwọ́ ara ẹ̀ kó erùpẹ̀ lé ewé náà lórí. Ó rò pé bí èèyàn bá ń fi ẹ̀rín fò lórí ẹ̀, á di ibi eré, wọ́n á gbàgbé.

Sátidé tó ṣáájú ọdún Àjíǹde, Ìyá Keziah wá bá a níwájú ṣọ́ọ̀bù. Ìyá aládùúrà ni, ará Ìgbàyè. Aṣọ funfun ló wọ̀, kò wọ bàtà. Ewé tútù kan wà lọ́wọ́ ẹ̀.

"Oníkẹ̀kẹ́, ibo ni kí n ju ewé ọmọ mi sí?"

"Ẹ jókòó ná, màmá."

"Mi ò wá jókòó. Tímótì ọmọ mi ló kú síbẹ̀ yẹn. Erùpẹ̀ lo kó lé e. Wọ́n ń fò lórí ẹ̀, ẹnì kan ò já ewé."

"Ẹ má bínú, màmá. Mi ò mọ̀."

Ìyá náà ò gbójú kúrò lára ẹ̀. "A wà nínú àdúrà lánàá, ó wá bá mi. Ẹ̀gbẹ́ kan orí ẹ̀ ò sí mọ́. Ó ní ẹni tó ké lọ́jọ́ yẹn, kó wá síbi òkìtì, kó fi ẹnu tó fi ké yẹn sọ òótọ́ lójú gbogbo èèyàn. Ó ní tí kò bá wá kí ọdún Àjíǹde tó kọjá, òun á yá ẹnu náà lò."

Àṣà ìnájà Ṣẹ́gunfúnmi ò ṣeé fi sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. "Màmá, ṣé tí mo bá kó erùpẹ̀ yẹn kúrò, kò ní tó? Kí n wá ra àbẹ́là sí ṣọ́ọ̀ṣì. Kí n fi àgbò kan kún un."

"Ta ló sọ fún ẹ pé ọjà ni?"

Ó fi etí sílẹ̀, bó ṣe máa ń fi etí sílẹ̀ fún olọ́jà, bóyá á gbọ́ ibi tó ti máa rọ̀. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ìyá náà gbé ewé yẹn lé orí àpótí tó fi ń jókòó, ó sì bá tiẹ̀ lọ.

Ṣẹ́gunfúnmi ò lè jókòó sórí àpótí náà mọ́. Ó dúró, ó ń wo ewé.

Òun ló ké. Ọdún '84 ni, lọ́jọ́ ọjà Òkukù. Alábàárù ni nígbà yẹn, kò ní nǹkan kan láyé. Tímótì gbé epo wá sọ́jà lórí kẹ̀kẹ́ aláwọ̀ búlúù kan, kẹ̀kẹ́ tuntun, tó ní iná iwájú tó ń tàn tí táyà bá ń yí. Ṣẹ́gunfúnmi ná an láti àárọ̀. Tímótì bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìwọ? Agogo ẹ̀ nìkan lo lè rà. Ìyẹn náà, kó o lọ pe ẹbí jọ kó o tó wá." Gbogbo ìsọ̀ rẹ́rìn-ín. Kò tíì sígbà kan tí ó nájà tí wọ́n fi ẹ̀rín lé e.

Ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Ìnísà, ó lọ dúró dè é lójú ọ̀nà elépo. Bí Tímótì ṣe yọ ní kọ́nà, ó figbe ta: "Olè! Ó gbé kẹ̀kẹ́ mi o!" Ọdún yẹn sì rèé, wọ́n ti jí kòkó àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ débi pé ojú wọn ti pọ́n. Wọ́n yọ látinú igbó pẹ̀lú kùmọ̀, pẹ̀lú ẹ̀rúkọ́. Ó rò pé wọ́n á gbá a létí, wọ́n á sì gba kẹ̀kẹ́ fún òun ni. Wọn ò dúró. Ó di kẹ̀kẹ́ mú, ó ń gbọ́ bí kùmọ̀ ṣe ń dún lára èèyàn, títí ìró náà fi yí padà, tó wá ń dún bí ẹni ń gún iṣu. Tímótì ò wo àwọn tó ń lù ú. Ṣẹ́gunfúnmi ló ń wò, pẹ̀lú ojú kan tó kù. "Sọ fún wọn," ni Tímótì ń wí. "Sọ fún wọn."

Ṣẹ́gunfúnmi ní, "Ẹ ṣeun, ẹ̀yin bàbá." Ó gun kẹ̀kẹ́, ó lọ.

Ó kùn ún ní pupa. Òun ni kẹ̀kẹ́ àkọ́kọ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ háyà. Títí di ọdún '92 yẹn, kò sí kẹ̀kẹ́ tó ń sáré tó o, àbúrò ẹ̀, Fikáyọ̀, ló sì ń gùn ún. Fikáyọ̀ yìí ni ìyá wọn fà lé e lọ́wọ́ kó tó kú, pé, "Má jẹ́ kí ìyà jẹ ẹ́." Kò sí nǹkan míì tó ní láyé tó ju ọmọ yẹn lọ.

Ọjọ́ Ajé ọdún Àjíǹde ni ìdíje kẹ̀kẹ́ ní Ọ̀nà Gẹ̀rẹ́. Èèyàn ti kún ẹ̀gbẹ́ òkè: Ìkìrun, Ìnísà, Òkukù. Àwọn àgbẹ̀ tó ń bọ̀ láti oko náà yà síbẹ̀ láti wòran, àdá léjìká, kùmọ̀ lọ́wọ́. Ṣẹ́gunfúnmi dá mẹ́ta mọ̀ nínú wọn láti ọdún '84. Irun wọn ti funfun.

Láti Sátidé ló ti ń bá òkú nájà nínú ọkàn ẹ̀. Ó kọ́kọ́ ní lọ́jọ́ Àìkú ni òun máa sọ ọ́. Ó sún un. Ó ní lẹ́yìn ìdíje, tí èèyàn bá ti lọ tán. Ìyẹn náà, Ìyá Keziah nìkan ni òun máa sọ fún, lábẹ́lẹ̀. Tí àwọn àgbẹ̀ yẹn bá gbọ́ pé irọ́ lòun fi mú wọn pààyàn, wọn ò ní bi òun ní ìbéèrè kejì.

Lókè, ó di kẹ̀kẹ́ pupa mú.

"Má gun èyí lónìí, Fikáyọ̀."

"Kí ló dé, bọ̀ọ̀dá mi?"

"Bíréèkì ẹ̀ ò dáa."

Fikáyọ̀ rẹ́rìn-ín. "Bíréèkì ẹ̀ ti dáa rí? Ẹ̀yin lẹ ní ẹni tó bá ń wá bíréèkì, kó lọ wọ bọ́ọ̀sì."

"Mo ní má gùn ún."

"Ẹ sọ ìdí ẹ̀ fún mi, màá fi í sílẹ̀."

Ṣẹ́gunfúnmi wo ojú ẹ̀. Ó wo àwọn èèyàn. Ó ṣírò ohun tó máa ná òun. Ó yọwọ́ kúrò lára kẹ̀kẹ́.

Ó sáré gba ẹ̀gbẹ́ òkè lọ sí kọ́nà kẹta, ó rò pé bí òun bá dúró lójú òkìtì, Fikáyọ̀ á rí òun, á yà. Ìyá Keziah ti wà níbẹ̀, ó dúró jẹ́ẹ́ pẹ̀lú ewé lọ́wọ́. Àwọn àgbẹ̀ wà lẹ́yìn ẹ̀.

"Oníkẹ̀kẹ́," ni ìyá wí. "Ìwọ náà já ewé."

Ojú wà lára ẹ̀. Ó já ewé káṣú kan.

"Jù ú síbẹ̀. Sọ ohun tí wọ́n ń sọ."

Ó ju ewé. Ó la ẹnu. Ahọ́n ẹ̀ dùbúlẹ̀ síbẹ̀ bí ẹran tútù. Ìyá náà dúró títí. Nígbà tó yá, ojú ẹ̀ yí padà.

"Áà," ló wí, jẹ́jẹ́. "Ìwọ ni."

Ìgbà yẹn ni kẹ̀kẹ́ dún lókè. Ẹsẹ̀ ogún èèyàn dún tẹ̀lé e. Fikáyọ̀ yọ ní kọ́nà, ó gun òkìtì, ó fò. Nígbà tó wà lókè, Ṣẹ́gunfúnmi rí i pé kẹ̀kẹ́ náà kì í ṣe pupa mọ́. Búlúù ni. Iná iwájú ẹ̀, tó ti kú láti ọdún mẹ́jọ, ń tàn lọ́sàn-án gangan.

Kẹ̀kẹ́ balẹ̀. Ó dúró gbagidi níwájú àwọn àgbẹ̀, bí ẹni pé ọwọ́ kan dì í mú.

Ìyẹn ló parí ìnájà lọ́kàn ẹ̀. Ó gbà láti san gbogbo ẹ̀. Ó fẹ́ sọ pé, "Èmi ni mo parọ́ mọ́ Tímótì. Èyí àbúrò mi ni." Ó ti ní gbogbo ọ̀rọ̀ náà nínú. Ó mí kanlẹ̀, ó la ẹnu.

"Olè!" ni ẹnu ẹ̀ wí. "Ó gbé kẹ̀kẹ́ mi o!"

Ohùn ẹ̀ ni, bó ṣe rí lọ́mọ ọdún mẹ́tàlélógún. Ojú àwọn àgbẹ̀ pọ́n lẹ́ẹ̀kan náà. Kùmọ̀ àkọ́kọ́ bá Fikáyọ̀ léjìká, egungun ẹ̀ kán. Èkejì bá a lẹ́nu. Ó ṣubú mọ́ ẹ̀gbẹ́ òkìtì, wọ́n yí i ká. Ṣẹ́gunfúnmi bọ́ sáàrin wọn, ó ń fà wọ́n láṣọ. Wọ́n ń tì í sẹ́yìn bí ẹni ń ti ẹni tó ni kẹ̀kẹ́, pé kó ní sùúrù. Ó ń ké kí wọ́n dúró. Olè lẹnu ẹ̀ ń ké. Bó ṣe ń ké tó ni wọ́n ń lù tó.

"Bọ̀ọ̀dá mi," ni Fikáyọ̀ ń wí nílẹ̀. "Ẹ sọ fún wọn. Ẹ sọ fún wọn."

Ìró kùmọ̀ náà yí padà.

Nígbà tí ọwọ́ wọn rọ̀, wọ́n wo kùmọ̀, wọ́n wo ọmọ tó wà nílẹ̀, ọmọ tí gbogbo wọn mọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn àgbàlagbà yẹn jókòó sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Kẹ̀kẹ́ pupa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, iná ẹ̀ ti kú.

Òjò ti wẹ Ọ̀nà Gẹ̀rẹ́ lọ láti ìgbà yẹn. Òkìtì ewé méjì ló kù ní kọ́nà kẹta, ẹni tó bá ń lọ sóko á já ewé méjì. Ṣẹ́gunfúnmi ṣì wà níwájú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ ní Ìkìrun, lórí àpótí. Kì í kí èèyàn, kì í fèsì. Ewé tútù kan ló máa ń wà láàrin eyín ẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ó fi eyín dì í mú pinpin. Ìyá Keziah ló ń já a wá fún un láràárọ̀.

Tó o bá ń gun kẹ̀kẹ́ kọjá níbẹ̀, kọ́kọ́ wo ẹnu ẹ̀. Tí o ò bá rí ewé, sọ̀ kalẹ̀, fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀, kó o máa sá lọ.