Omi Ilé Nínú Òkúta Wúrà

Ọjọ́ tí wọ́n ń sọ ọmọ Orímisan lórúkọ ni ẹ̀rọ aṣèémí inú ọkọ̀ Adúrótì kọ́kọ́ wúkọ́. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́, ó tún wúkọ́, gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ sì gbójú sókè. Ẹni tó bá ń gbé inú ọkọ̀ òfuurufú mọ̀ pé ẹ̀rọ yìí nìkan ló ya ilé sọ́tọ̀ kúrò lára pósí. Tó bá dákẹ́ pátápátá, kò sí fèrèsé tí ènìyàn lè ṣí.

Àwọn Ìlàjẹ ló ni ọkọ̀ náà. Nígbà tí òkun gba ìlú wọn tán, tí kò sí ibi tí wọ́n lè ri òpó ilé mọ́, wọ́n ṣe ohun tí àwọn baba wọn máa ń ṣe bí omi bá lé wọn: wọ́n kó sínú ọkọ̀. Ọkọ̀ ti ọ̀tẹ̀ yìí ló kàn ga díẹ̀. Ìran kẹta ló ń gbé inú rẹ̀ báyìí, wọ́n sì ṣì ń pe ara wọn ní ará etí omi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo omi tí wọ́n ní kò ju yìnyín tí ọkọ̀ kékeré kan ṣoṣo ń lọ gé wá láti ara àwọn òkúta ojú ọ̀run.

Ẹ̀rọ aṣèémí tuntun wà ní ọjà Òṣùpá, ṣùgbọ́n wúrà nìkan ni àwọn tó ń tà á ń gbà. Níbi tí wọ́n ti ń wá wúrà kiri ni wọ́n ti pàdé Ọ̀gbẹ́ni Ṣóyọmbọ́, tó ní òkúta kan tó fẹ́ tà. Kì í ṣe òkúta tí ọmọdé ń jù lu máńgòrò o. Odindi òkè ni, tó ń fò lójú ọ̀run, tí wúrà wà nínú rẹ̀. Ọkọ̀ kékeré tó ń gé yìnyín yẹn ló fẹ́ gbà dípò rẹ̀. Bí wúrà náà bá jẹ́ òtítọ́, wọ́n là. Bí kò bá jẹ́ òtítọ́, wọ́n á pàdánù omi mọ́ èémí.

Ayéwùmí ni wọ́n rán lọ yẹ òkúta náà wò. Onímọ̀ ilẹ̀ ni, kì í sì í gba ohunkóhun gbọ́ títí yóò fi fọwọ́ kàn án. Ìyá Orímisan, tó jẹ́ ìyá ìyá rẹ̀, ní òun náà ń lọ. Ó gbé ìgò omi òkun dání, èyí tí wọ́n bù ní ọjọ́ tí wọ́n kúrò nílé.

Ohun tí Ayéwùmí kọ́kọ́ bèèrè ni bóyá Ṣóyọmbọ́ ló ni òkúta náà lóòótọ́, torí pé lókè bí nílẹ̀, àwọn tó ń ta ilẹ̀ onílẹ̀ kò tíì tán. Àwọn adájọ́ ojú ọ̀run jẹ́rìí pé ogún bàbá rẹ̀ ni, kò sì tíì tà á fún ẹlòmíràn. Wọ́n fi ọkọ̀ yí ààlà ká. Ó bèèrè ọ̀nà tí wọ́n á máa gbà kó wúrà jáde, wọ́n fi hàn án. Àwọn oníjìbìtì a máa fọ́n ìyẹ̀fun wúrà sójú ilẹ̀ kí olùrà lè fi ojú ara rẹ̀ tan ara rẹ̀ jẹ, nítorí náà kò tilẹ̀ wo ojú ilẹ̀. Ó gbẹ́ ihò jìn, ó bu ti ìsàlẹ̀, ó sì dán an wò. Wúrà ni.

Ó tún bèèrè ẹni tó kọ́kọ́ wa wúrà níbẹ̀. Ṣóyọmbọ́ ní bàbá òun àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ni, pé ikú bàbá òun ló dá iṣẹ́ dúró. Ayéwùmí bá a kẹ́dùn, ó kí i pé Ọlọ́run á dáàbò bo èyí tó kù, ó sì kọjá sórí ọ̀rọ̀ mìíràn. Ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa ni. Ojú tì í láti máa bi ọlọ́fọ̀ pé kí ló pa bàbá rẹ̀.

Inú ihò àpáta ni Ṣóyọmbọ́ pa àgọ́ èémí sí fún wọn, kí wọ́n lè bọ́ ẹ̀wù òfuurufú sílẹ̀ kí ara sì tù wọ́n. Òun fúnra rẹ̀ dúró sínú ọkọ̀ rẹ̀ lóde. Ibẹ̀ ni Ayéwùmí ti gbé awònú rẹ̀ kalẹ̀ síwájú ògiri. Awònú ni ẹ̀rọ tó ń sọ àpáta di bí omi tó tòrò lójú ẹni. Bó ṣe tàn án, ògiri náà mọ́ gaara. Wúrà wà níbẹ̀ ní ìṣù ńláńlá, wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó àjẹ̀ ọkọ̀. Kò rí irú rẹ̀ rí, àwọn tó kọ́ ọ kò rí i rí. Ó jókòó sílẹ̀, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀.

Ó ní, "Ìyá àgbà, a ti rí èémí."

Ìyá Orímisan náà wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ìdérí ìgò rẹ̀.

Ayéwùmí mọ ohun tó fẹ́ ṣe. Ìlàjẹ kan kì í ra ọkọ̀ láìda omi ilé sí i, kó lè mọ̀ bóyá ó ń jò. Ó fi pẹ̀lẹ́ sọ fún màmá pé òkúta kọ́ ni ọkọ̀, pé gbogbo ohun tó yẹ ní yíyẹ̀wò ni òun ti yẹ̀ wò.

"Ohun tí àwọn ọmọ mi máa wọnú rẹ̀, ọkọ̀ ni," ni màmá dá a lóhùn. "Ìwọ ti fi ẹ̀rọ tìrẹ wò ó. Jẹ́ kí n fi tèmi náà wò ó."

"Ẹ ṣe é, mà. Ṣùgbọ́n kò ní sọ ohunkóhun fún yín."

Màmá da omi náà sí àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún, bí àṣà ṣe wí, ó sì jẹ́ kó kán sílẹ̀. Ohùn Ṣóyọmbọ́, tó gbọ́ bí omi ṣe ń kán, bọ́ sínú àgọ́ láti inú ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń da omi? Ẹ má da omi síbẹ̀." Ilẹ̀ ti mu ún.

Ibi tí omi náà wọlé sí bẹ̀rẹ̀ sí í tàn. Ó tàn ní ojú kan, ó ràn dé òmíràn, kò pẹ́ tí gbogbo ilẹ̀ ihò náà fi ń mọ́ yòò, tí ìyẹ̀fun wúrà sì ń tú sókè láti inú àpáta bí ikán abìyẹ́ ṣe ń tú jáde lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀. Kòkòrò ni wọ́n, kò sí èyí tí ojú lè dá rí lára wọn. Bàbá Ṣóyọmbọ́ ló dá wọn láti máa ṣa wúrà inú òkúta jọ. Bí kò bá sí omi, wọ́n á sùn bí irúgbìn. Bí omi bá kàn wọ́n, wọ́n á jí. Ẹ̀rù ba Ayéwùmí, ṣùgbọ́n òtítọ́ ni kí n sọ, ìyanu náà pọ̀ ju ẹ̀rù lọ.

Ìmọ́lẹ̀ náà gba ojú ibi tí omi ti kán sílẹ̀, ó gùn ún padà dé ọwọ́ màmá. Ọwọ́ náà ṣì tutù. Àwọn ìka rẹ̀ di wúrà lọ́kọ̀ọ̀kan, láti ọmọńdinrín dé àtàǹpàkò, pẹ̀lú èékánná àti gbogbo ìlà àtẹ́lẹwọ́. Ó lẹ́wà débi pé àwọn méjèèjì dúró tí wọ́n ń wò ó.

"Kò dùn mí," ni màmá wí. "Mi ò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n lára mọ́."

Ìgbà náà ló yé Ayéwùmí. Omi ni àwọn kòkòrò náà ń mu, wúrà ni wọ́n ń fi sílẹ̀ dípò rẹ̀, omi ló sì pọ̀ jù lára ènìyàn. Ó já ìborùn màmá gbà, ó fi so ọrùn ọwọ́ rẹ̀ títí ẹ̀jẹ̀ kò fi lè kọjá mọ́. Wúrà náà dúró síbi ìdè. Bó ṣe ń gbé màmá dìde ni ojú rẹ̀ tún bá awònú tí kò tíì pa. Àwọn ìṣù wúrà inú ògiri ní orí. Wọ́n ní èjìká. Ọ̀kan fi apá bo ojú.

Ṣóyọmbọ́ kò sá lọ. Nígbà tí wọ́n wọ ẹ̀wù òfuurufú padà tí wọ́n sì jáde, ó ń sunkún nínú ọkọ̀ rẹ̀.

"Ẹni tó fi apá bojú yẹn ni bàbá mi," ló wí. "Ìgò omi kan ló fọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, inú àpáta náà ni mo sì sin wọ́n sí. Gbogbo ohun tí ẹ bi mí ni mo dá yín lóhùn. Ẹ kò bi mí ní ti ikú rẹ̀, èmi náà kò sì lè mẹ́nu bà á."

Oníṣègùn inú Adúrótì gé ọwọ́ náà kúrò. Nígbà tí wọ́n pàdé láti jíròrò, ẹ̀rọ aṣèémí ti ń wúkọ́ láìdánudúró, àwọn ọmọdé sì ti ń sùn lójú ọ̀sán. Àwọn kan ní kí wọ́n ra òkúta náà bẹ́ẹ̀, kí wọ́n má ṣáà gbé omi débẹ̀. Wọ́n ní àwọn òkú tó wà nínú rẹ̀ kò lè jí mọ́, àwọn ọmọ tó wà láàyè sì ń bẹ níwájú wọn. Ayéwùmí alára kò mọ èyí tí yóò wí. Ó wo ọmọ Orímisan lẹ́yìn ìyá rẹ̀, bí àyà rẹ̀ ṣe ń lọ sókè sódò.

Ìyá Orímisan gbé ọwọ́ wúrà náà ka orí tábìlì.

"Òkú olókùú ni wúrà yẹn," ló wí. "Ṣóyọmbọ́ kò lè tà á, àwa náà kò lè rà á. Èyí jẹ́ tèmi. Wọ́n bí i mọ́ mi, mo fi ṣiṣẹ́, mo sì lè tà á. Ẹ gbé e lọ sọ́jà."

Ayéwùmí ló yọ́ ọ fúnra rẹ̀, kò jẹ́ kí ẹlòmíràn sún mọ́ iná náà. Wúrà náà tó ẹ̀rọ aṣèémí kan, kò ṣẹ́kù.

Ẹ̀rọ tuntun náà kì í wúkọ́. Afẹ́fẹ́ rẹ̀ mọ́ débi pé àwọn àgbà ní ó ń rùn bí etí òkun. Nínú Adúrótì báyìí, ọwọ́ òsì ni Ìyá Orímisan fi ń fúnni ní nǹkan, ọwọ́ méjèèjì ni àgbà àti ọmọdé sì fi ń gbà á lórí ìkúnlẹ̀. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá yí, tí ayé sì yọ lójú fèrèsé, ọmọ Orímisan, tó ti gbọ́njú báyìí, á sáré wá bi í pé níbo ni ilé wa wà. Màmá á mí kanlẹ̀, á gbé ọwọ́ òsì sókè, á sì júwe rẹ̀ fún un.