Abala Kẹta Nínú Ìtàn Pápá Wa

"Ọmọ Nọ́ọ̀sì ni yóò ka ìtàn tó kọ nípa pápá ìṣeré wa lọ́jọ́ tí pápá náà bá pé àádọ́ta ọdún," ni tíṣà wí. Kíláàsì pàtẹ́wọ́ gbàà! Ọmọ Télọ̀ náà pa tiẹ̀, fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́, bí ẹni ń lé eṣinṣin.

Ó ń kùn lábẹ́lẹ̀. Ṣebí òun náà kọ tòun? Ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan di ẹni tí kò fẹ́ rí sójú mọ́.

"Ọ̀rẹ́ mi, jẹ́ kí n kà á sí ẹ létí," ni Ọmọ Nọ́ọ̀sì bẹ̀ ẹ́. "Nǹkan kan wà níbẹ̀ tí yóò dùn mọ́ ẹ."

"Lọ kà á fún ògiri."

Nígbà tí ọjọ́ pé, Ọmọ Nọ́ọ̀sì fi ìwé ìtàn rẹ̀ sórí àga ní pápá, ó lọ mumi. Ọmọ Télọ̀ wòtún, ó wòsì, ó yọ abala kẹta, kò tilẹ̀ wo ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó sáré délé, ó kì í bọ inú dúrọ́ọ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá rẹ̀, sábẹ́ àkísà.

Ìgbà tó fi padà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ń kàwé. Ta ló sì jókòó níwájú? Ìyá àgbà Ọmọ Télọ̀ fúnra rẹ̀, nínú aṣọ funfun tí wọ́n lọ̀ dáadáa!

"Nígbà náà ni àwọn obìnrin àdúgbò..." Ọmọ Nọ́ọ̀sì yí ìwé síwá, ó yí i sẹ́yìn. Abala kẹta kò sí mọ́.

"Bátìrì ẹ̀ ti kú o!" ni ẹnìkan kígbe. Ẹ̀rín sọ. Ọmọ Nọ́ọ̀sì sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú omijé.

Ìyá àgbà ṣì fi ọwọ́ gbé etí. "Ṣé wọ́n ti ka tèmi ni? Ọmọ yẹn ló wá pè mí pé ọ̀rọ̀ mi wà níbẹ̀. Àbí etí mi ni kò gbọ́?"

Ọmọ Télọ̀ fò dìde, ó fẹsẹ̀ fẹ. Kó tó gbé abala náà dé, wọ́n ti ń to àga jọ, ẹ̀rọ gbohùngbohùn ti lọ. Ìyá àgbà nìkan ló kù, pẹ̀lú Ọmọ Nọ́ọ̀sì.

"Èmi ni mo yọ ọ́," ni Ọmọ Télọ̀ wí. "Mo jowú ẹ."

Ọmọ Télọ̀ kúnlẹ̀ níwájú ìyá àgbà, ó kà á: "Ibí yìí jẹ́ kòtò nígbà kan. Obìnrin mọ́kànlá fi orí ru iyẹ̀pẹ̀ dí i fún oṣù méje. Ìyá àgbà ọ̀rẹ́ mi ló ń dá orin fún wọn."

Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín kèékèé, ó gbé e:

"Ẹ rù ú, ẹ rù ú, iyẹ̀pẹ̀ ò wúwo,
Ọmọ wa yóò sáré lórí ẹ̀!"

Ó wá béèrè pé, "Ta ló kọ ìwé dídùn yìí?"

Ọmọ Télọ̀ nawọ́ sí Ọmọ Nọ́ọ̀sì. "Ọ̀rẹ́ mi ni, mà. Ó dára ju tèmi lọ."

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ gbọ́ ohun tí owú ṣe. Ọmọ Télọ̀ fẹ́ fi ìtàn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pamọ́, ti ìyá àgbà tirẹ̀ ló gbé pamọ́. Gbogbo àdúgbò ni ì bá gbọ́ ọ. Ẹni mẹ́ta péré ló gbọ́ ọ.