Ìlà Ìsàlẹ̀ Àwòrán

Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹfà, ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, obìnrin adìwé kú. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni. Ọkọ rẹ̀ wà níbẹ̀.

Bí wọ́n ṣe pàdé nìyí.

Awọnlẹ̀ ni ọkùnrin náà, ilẹ̀ wíwọ̀n niṣẹ́ rẹ̀, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n sì ni nígbà náà. Ó gbé páálí kan wọ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń di ìwé, ó sì rí obìnrin náà. Inú oòrùn àárọ̀ ló jókòó sí, òwú tó fi ń rán ìwé wà láàárín eyín rẹ̀, eruku bébà ń fò yí i ká jẹ́jẹ́, àfi bí ẹni tó jókòó sísàlẹ̀ omi. Awọnlẹ̀ dúró, páálí lọ́wọ́, ó ń wò ó.

"Ẹ káàárọ̀ o," obìnrin náà wí, kò tíì yọ òwú lẹ́nu. "Ṣé ẹ wá dìwé ni, àbí ẹ wá ka iye eyín mi?"

Ìwé ìtàn aláwòrán méjìlélógójì ló wà nínú páálí náà, irú èyí tó ń jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, àwòrán lókè, ọ̀rọ̀ nísàlẹ̀. Ìtàn atukọ̀ kan ni, tó ń wá erékùṣù tí kì í dúró sójú kan. Awọnlẹ̀ ti ń kà á láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, kò sì jáwọ́. Bàbá Aláwòrán ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́. Ìyá tó bí i pàápàá a máa ti àwọn ìwé náà sábẹ́ ibùsùn bí àlejò bá ń bọ̀.

"Ṣé tọmọ yín ni?" adìwé béèrè.

"Tèmi ni."

Ó wò ó látòkè délẹ̀. Kò fi í rẹ́rìn-ín. "Ẹ padà wá lọ́jọ́ Ẹtì."

Nígbà tó padà dé, páálí ti di ìwé ńlá kan, èèpo búlúù, etí rẹ̀ tẹ́jú bí ẹni lọ̀ ọ́. Awọnlẹ̀ ṣí i, ojú rẹ̀ sì yí padà. Adìwé kì í dìwé kó má gé etí rẹ̀ dọ́gba. Bí ọ̀gá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ nìyẹn. Ọ̀bẹ ńlá ti gé ìlà ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn lọ nísàlẹ̀ gbogbo ojú ìwé.

"Ọ̀rọ̀ ti lọ," awọnlẹ̀ wí.

"Mo rò pé àwòrán lẹ̀ ń wò ni." Ojú ti adìwé. "Àwọn tí mo gé ti bá ilẹ̀ gbígbá lọ. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?"

"Mo mọ̀ wọ́n sórí."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di pé ní gbogbo ọ̀sán Àbámẹ́ta, awọnlẹ̀ ń sọ ọ́ látorí, adìwé ń lẹ bébà tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ìsàlẹ̀ ojú ìwé, ó ń fi gègé kọ ọ́ síbẹ̀. Bí òjò bá ń rọ̀ sórí páànù, ṣọ́ọ̀bù náà á dà bí ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n tú lókùn. Nígbà mìíràn awọnlẹ̀ á gbàgbé ìlà kan.

"Ìyàwó atukọ̀ dúró létí òkun, ó ní... ó ní..."

"Ó ní, 'Bó o rí i, bó ò rí i, ìwọ ṣáà máa bọ̀ nílé,'" adìwé wí, ó sì kọ ọ́.

"Kò sí níbẹ̀ bẹ́ẹ̀."

"Ó ti wà níbẹ̀ báyìí. Ẹ lọ fẹjọ́ mi sùn."

Awọnlẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Kó tó di oṣù kẹrin, "ẹ" ti di "o" láàárín wọn, kò sì sẹ́ni tó rántí ọjọ́ tó yí padà.

Kí bàbá adìwé fọwọ́ sí ìgbéyàwó wọn ló wá kù. Olùkọ́ ìṣirò tó ti fẹ̀yìn tì ni, kì í sì í fi ọ̀rọ̀ ṣeré. Ó gbé ìwé náà kalẹ̀ láàárín pálọ̀ bí ẹni gbé ẹ̀rí síwájú adájọ́.

"Ìwọ lo ń ka èyí?"

"Èmi ni, sà."

"Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Bí àgbà ọ̀hún bá wá jẹ́ ọmọ tuntun ńkọ́? Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí, mi ò ní fi í fún ọmọdé. Sọ pé o ti jáwọ́, kí n súre fún yín."

Adìwé dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń mi orí sí i pé kó gbà. Irọ́ kékeré ni. Wọ́n lè máa kà á níkọ̀kọ̀. Awọnlẹ̀ wò ó, ó mọ ohun tó fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ òun.

"Mi ò lè sọ bẹ́ẹ̀, sà. Lọ́la ni màá tún ṣí i. Mo fẹ́ràn ọmọ yín ju ara mi lọ, ṣùgbọ́n mi ò ní fi irọ́ gbà á lọ́wọ́ yín."

Ó dìde láti máa lọ. Adìwé ti bojú.

"Ta ló ní kó o dìde?" Bàbá náà nawọ́ sí àga. "Ọkùnrin mẹ́ta ti jókòó sórí àga yẹn. Mo ní kí ọ̀kan jáwọ́ nínú ọtí, kí ọ̀kan jáwọ́ nínú tẹ́tẹ́, kí ẹ̀kẹta jáwọ́ nínú obìnrin. Lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n jáwọ́." Ó mí kanlẹ̀. "Ẹni tí kò lè purọ́ nítorí ìyàwó, kò ní purọ́ fún ìyàwó. Jókòó." Ó wá fa ìwé náà mọ́ra. "Erékùṣù ọ̀hún, ṣé ó padà rí i?"

"Ẹ kà á, sà."

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà wọ́n ṣègbéyàwó. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n fi gbé pọ̀, tí wọ́n ń jọ ka ìwé búlúù náà.

Ohun tí adìwé fi sílẹ̀ nìyí. Bàtà dúdú kan. Agolo lẹ́ẹ̀ tó fi ń lẹ ìwé, tó ti gan. Kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta, a kò mọ ilẹ̀kùn tí ọ̀kan ń ṣí. Aṣọ òtútù lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ìwé àdúrà tó dì dé ìdajì, ẹni tó ni ín kò tíì wá béèrè. Ọmọbìnrin kan tí wọ́n bí, tó jọ ọ́ lóhùn. Àti ọkùnrin kan, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta, tó máa ń dúró díẹ̀ kó tó ṣí ojú ìwé tó kàn, kí ẹnì kejì lè kà á tán.