Bọ́tìnì Ọrùn Màmá Àgbà

Fóònù Ọ̀gá Ìṣirò tún dún láàárín ẹ̀kọ́ àfikún. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n fún ọmọbìnrin náà lórúkọ yẹn nítorí pé kò sí ìṣirò tó le fún un, bú sẹ́rìn-ín.

"Lọ gbé e, Màmá Àgbà fẹ́ mọ̀ bóyá o ti jẹun," ọ̀kan nínú wọn wí.

Ilé-iṣẹ́ tó ń dáhùn ìpè pàjáwìrì àwọn arúgbó ló ń pè. Ìyá rẹ̀ tó jẹ́ aránṣọ ń san owó fún wọn lóṣooṣù nítorí Màmá Àgbà, ìyá tó bí aránṣọ náà. Bọ́tìnì kan wà lọ́rùn màmá yìí. Bí ó bá ṣubú, tí ó sì tẹ̀ ẹ́, òṣìṣẹ́ wọn yóò bá a sọ̀rọ̀ láti ara bọ́tìnì náà, yóò sì pe ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n Màmá Àgbà kò ṣubú rí. Ó kàn ń tẹ̀ ẹ́ láti kí àwọn òṣìṣẹ́ náà ni. Ó ti gbàdúrà ọkọ rere fún ọ̀kan, ó sì ti bi òmíràn léèrè nípa ikọ́ ọmọ rẹ̀.

Ìdánwò ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ̀rín àwọn ẹlẹgbẹ́ sì ti sú Ọ̀gá Ìṣirò. Bí ó ṣe délé lọ́jọ́ náà, ó ní, "Màmá, gbogbo ìgbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, owó ni wọ́n ń yọ lọ́wọ́ Mọ́mì o."

Irọ́ ni. Owó kan náà ni, ìbáà tẹ̀ ẹ́ nígbà ọgọ́rùn-ún. Ṣùgbọ́n Màmá Àgbà ká ọwọ́ kúrò lára bọ́tìnì bí ẹni tó fọwọ́ kan iná.

Ọjọ́ mẹ́rin kọjá, fóònù ò dún. Ní ọjọ́ karùn-ún, ọmọbìnrin náà ti ilé-ìwé dé, ó gbọ́ orin ìyìn láti balùwẹ̀. Màmá Àgbà ló jókòó sílẹ̀ nínú omi ọṣẹ, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wú. Láti aago kan ló ti yọ̀ ṣubú. Bọ́tìnì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

"Màmá, kí ló dé tí ẹ ò tẹ̀ ẹ́?"

"Ẹsẹ̀ lásán ni, ọkọ mi. Kí n má baà ná ìyá rẹ lówó. Mo ṣáà mọ̀ pé o máa dé láago mẹ́rin."

Omi lé sójú ọmọ náà. Ó kúnlẹ̀ sínú omi ọṣẹ tòun ti aṣọ ilé-ìwé, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, ó sì ń retí ìbáwí.  Ẹ̀rín ló pa Màmá Àgbà, tí èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n.

"Ìwọ lo ṣe ìṣirò, èmi ni mo wá fìdí rẹmi," ló wí.

Ó tẹ bọ́tìnì. Òṣìṣẹ́ tó dáhùn ní àárò màmá ti ń sọ àwọn, ó sì rán nọ́ọ̀sì wá kíákíá. Eegun kankan ò kán. Aránṣọ, ìyá ọmọ náà, bínú títí alẹ́, ṣùgbọ́n nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ ìṣirò yẹn, òun náà rẹ́rìn-ín. Wọ́n fẹnu kò pé òwúrọ̀ Sátidé ni Màmá Àgbà yóò máa kí àwọn òṣìṣẹ́ náà, àwọn ọmọ rẹ̀ tuntun.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Irọ́ Ọ̀gá Ìṣirò kò pé ọ̀sẹ̀ kan, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé kò pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ti wá mọ̀ pé irọ́ tí a pa fún ẹni tó fẹ́ràn wa ló léwu jù, nítorí yóò gbà á gbọ́, yóò sì jìyà rẹ̀ láìráhùn.