Híítà Tí Màmá Ti Dúpẹ́ Fún

Ẹ̀yin ará mi ọ̀wọ́n, mo kí yín o. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tó jí wa láàárọ̀ yìí, tó sì fi ìfẹ́ sí ọkàn ọmọ ènìyàn. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi.

Láti ṣọ́ọ̀ṣì ni Olúwadábírà ti yà sí ṣọ́ọ̀bù Túnmiṣe púlọ́mbà ní Ajah, nínú sùtánà funfun, láìwọ bàtà. Túnmiṣe gbójú sókè, ó rí ẹsẹ̀ méjì tí iyanrìn ṣì lẹ̀ mọ́, láàárín ìṣó àti àfọ́kù páìpù. Kó tó kí i, ó ti ya páálí kan, ó tẹ́ ẹ síwájú rẹ̀.

"Àǹtí, ẹ dúró lórí èyí, ẹ jọ̀ọ́. Ìṣó ò mọ ẹni mímọ́."

Dábírà rẹ́rìn-ín títí ó fi gbàgbé ohun tó wá rà.

Ọdún kan lẹ́yìn náà, Túnmiṣe wá tọrọ Dábírà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ láti fi ṣaya, opó tí làkúrègbé ń dà láàmú, tó sì gbọ́dọ̀ wẹ̀ kó tó lọ síbi àdúrà ìdájí. Túnmiṣe ṣèlérí pé òun á fi híítà, ẹ̀rọ tó ń mú omi gbóná, ta Màmá lọ́rẹ. Màmá rò pé èyí tí kò ní táǹkì ni, tó máa ń wà pẹlẹbẹ lára ògiri bíi tàwọn olówó Lẹ́kí. Kó tó di Sunday, ó ti jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ti jó, ó ti dúpẹ́.

Nígbà tí Túnmiṣe yẹ ilé náà wò, ọkàn rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì.

"Mà, èyí tí kò ní táǹkì ò ní bá ilé yìí lọ. Iná tó ń fà ju agbára jẹnẹrétọ̀ yín lọ. Omi yín ń sun jáde díẹ̀díẹ̀ ni, kò lágbára tó láti mú kó tàn. Ìpẹtà inú omi kànga wa á sì tètè dí i."

"Ṣé kí n wá sọ fún ìjọ pé mo parọ́ níwájú pẹpẹ ni? Bó o bá ń ṣahun, sọ ọ́! Mi ò fọmọ fún ahun."

Dábírà sunkún. "Gbé e kọ́ fún wọn, jọ̀ọ́. Kí wọ́n ṣáà rí i lára ògiri."

"Ìfẹ́ mi, lọ́jọ́ tí ọṣẹ bá bò wọ́n lára, tí omi tútù wá dà lé eegun tó ń ro wọ́n ńkọ́? Ṣé èmi ni kí n ṣe bẹ́ẹ̀ sí ìyá rẹ?"

Lọ́jọ́ Sátidé, Túnmiṣe yá híítà kan tí kò ní táǹkì, ó so ó mọ́ ẹ̀rọ omi.

"Mà, ẹ má bọ́ṣọ o. Ọwọ́ nìkan."

Wọ́n ṣí omi pátápátá, Màmá na ọwọ́ sábẹ́ rẹ̀. Omi lọ́ wọ́ọ́rọ́. Jẹnẹrétọ̀ kérora, ó kú. Omi tutù bí òjò. Màmá fa ọwọ́ yọ, ó wò ó.

"Ọṣẹ ì bá ti wà lójú mi báyìí!" Ó bú sẹ́rìn-ín. "Olórí kunkun ni ọ́, ọmọ yìí. Èyí tó ní táǹkì dà?"

"Ó wà níta, Mà. Iná díẹ̀ ló ń jẹ. Bí iná bá lọ, omi tó ti gbóná á ṣì wà níbẹ̀. Sùúrù nìkan ló ń fẹ́."

Ní Sunday, Màmá tún bọ́ síwájú. "Ẹ̀yin ará, híítà ni mo dúpẹ́ fún, híítà náà sì ti dé. Ọmọ olóòótọ́ l'Olúwa fi fún mi."

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, òkúta wẹ́wẹ́ wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Túnmiṣe fa páálí kan yọ, ó tẹ́ ẹ síwájú ẹsẹ̀ Dábírà tí kò wọ bàtà.

"Ìyàwó mi, dúró lórí èyí."

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí, Olúwa yóò mú ẹni tí yóò máa bá ọ sọ òtítọ́ pàdé rẹ. Òtútù ò ní wọ ilé rẹ, ìṣó ò sì ní gún ẹsẹ̀ rẹ. Àmín.