Ojú Tí Hansa Fi Purọ́

"Gbé àgbọ̀n ẹ sókè díẹ̀. Má rẹ́rìn-ín púpọ̀. Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Nautiyal ló ń sọ̀rọ̀, obìnrin oníṣòwò tó wá láti ìlú Dehradun ní ilẹ̀ Íńdíà láti wo ìpara tí àwọn obìnrin abúlé Dhungaon ń ṣe. Fóònù ọwọ́ rẹ̀ ló fi ń ya ojú Hansa fún ìpolówó ọjà, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri òkúta ilé iṣẹ́ wọn. Bishni, ìyá Hansa, tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ náà, dúró sẹ́yìn, ó ń fi etí ìborùn rẹ̀ nu omijé ayọ̀. Inú gbogbo wọn ló ń dùn, àfi ẹni tí wọ́n ń ya ojú rẹ̀.

Láti ayébáyé ni àwọn ará òkè yìí ti ń gbin igbó. Ẹ má fajú ro o, kì í ṣe èyí tí àwọn ọmọ ìta ń fà. Okùn ni wọ́n ń fi èèpo rẹ̀ ṣe, wọ́n sì ń yan hóró rẹ̀, wọ́n ń lọ̀ ọ́ mọ́ ata àti ọsàn wẹ́wẹ́, wọ́n ń fi jẹ búrẹ́dì pẹlẹbẹ. Nígbà tó yá, Bishni àti ẹgbẹ́ rẹ̀ gbọ́ nípa èròjà kan tí wọ́n ń yọ lára igbó yìí, tí wọ́n ń pè ní síbídì. Kì í pa ni bí ọtí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rà á lọ́wọ́ àwọn tó ní ìwé àṣẹ, wọ́n ń pò ó mọ́ òróró hóró igbó àti ìda oyin, wọ́n ní ó lè tu awọ lára, ó sì lè mú kí ìrorẹ́ rọlẹ̀. "Ó lè" ni Bishni máa ń wí. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó pe àwọn ọmọbìnrin abúlé tí ìrorẹ́ ń dà láàmú, ó pín ìpara fún wọn. "Èyí nìkan ni kí ẹ máa fi pa ojú títí di ìkórè," ó kìlọ̀ fún wọn. "Ẹ má fi nǹkan míì kún un, ká lè mọ ohun tó ń ṣe. Ẹ ṣe sùúrù. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

Hansa kò ní sùúrù. Níléèwé, Kafal ni àwọn ọmọkùnrin ń pè é, orúkọ èso pupa oníwínníwínní tó máa ń pọ́n nínú igi orí òkè nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bó bá ti ń kọjá, wọn á ní, "Kafal ti pọ́n o. Ta ló máa ká a?" Wọn á bú sẹ́rìn-ín. Ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀, gbogbo ẹbí ló máa wo ojú rẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n rán an lọ ra iyọ̀ àti epo nílùú, ó yà sí kẹ́mísì kan. Ẹni tó ń tajà kò tiẹ̀ wo ojú rẹ̀ dáadáa tó fi na túùbù ìpara kékeré kan sí i. "Fi pa á lálẹ́. Má lò ó pẹ́ o."

Kí ìyàwó tó lọ ilé ọkọ, ojú Hansa ti ń dán. Àwọn àǹtí ń fọwọ́ pa á lẹ́rẹ̀kẹ́. Ìyá rẹ̀ fi ọwọ́ méjèèjì di ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ mú, ọwọ́ tí okùn híhun ti là yánnayànna.

"Ọmọ mi, ìpara wa ló ṣe èyí?"

Hansa la ẹnu láti sọ òótọ́. Ó rí bí ojú ìyá rẹ̀ ṣe ń tàn, àánú rẹ̀ sì ṣe é. "Ẹ̀n-ẹ́n, Màmá," ló wí. Ó rò pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ máa parí sí.

Kò parí síbẹ̀. Basanti, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́, bá a nídìí omi ìsun. Ìrorẹ́ ti Basanti kì í ṣe kékeré. Ó máa ń wú, á sì máa dùn ún débi pé kì í lè fẹ̀gbẹ́ ojú lé ìrọ̀rí. Dókítà kan ní ìlú Almora ti fún un ní oògùn oníhóró.

"Hansa, wò mí dáadáa. Ṣé o ò fi nǹkan kan kún un?"

"Kí ni mo fẹ́ fi kún un?"

"Ètè mi ti bó tán nítorí oògùn dókítà yìí. Ó ní mo ṣì máa lò ó fún oṣù púpọ̀. Bí ìpara màmá ẹ bá lè ṣe ojú ẹ báyìí, kí ni mo wá ń jìyà fún?"

Ibí yìí gan-an ni ó yẹ kí Hansa ti sọ̀rọ̀. Ó gbé korobá rẹ̀ lérí. "Ìwọ lo mọ̀," ló fèsì.

Basanti da oògùn nù, ìpara Bishni nìkan ló wá ń fi pa ojú. Nígbà tí ìkórè fi máa dé, ojú rẹ̀ ti wú, àwọn ibòmíràn ti ń jinlẹ̀ bí ilẹ̀ tí adìẹ ha. Ó dẹ́kun wíwá síléèwé. Hansa lọ kí i, ó bá a nínú yàrá tí wọ́n ti fèrèsé rẹ̀ pa.

"Bóyá mi ò pa á dáadáa ni," Basanti wí. "Bá mi pa á bí o ṣe máa ń pa tìẹ."

Hansa ti ọwọ́ bọ inú ìpara, ó fi pa ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀ jẹ́jẹ́. Basanti ń ní, "O ṣeun, ọ̀rẹ́ mi." Hansa mọ̀ pé òun tún ń parọ́, pé ìka òun ló ń parọ́ báyìí. Síbẹ̀, nígbà tó délé, ó tún yọ túùbù rẹ̀ jáde, nítorí bó bá dá a dúró fún ìgbà díẹ̀, ojú á máa ta á, á sì pọ́n.

Nígbà tí Nautiyal ti ya ojú Hansa tán, tó sì fẹ́ kó ìpara àkọ́kọ́ lọ, gbogbo ẹgbẹ́ gòkè lọ sí ojúbọ Golu láti dúpẹ́. Golu ni òòṣà ìdájọ́ níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá rẹ́ jẹ á lọ fẹjọ́ sùn ún, ẹni tó bá rí oore á lọ so agogo idẹ fún un, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ oore tó rí sókè kí gbogbo ènìyàn gbọ́. Mo mọ àwọn kan tó parọ́ fún adájọ́ ní kóòtù láìṣẹ́jú, tí wọn kò jẹ́ dán an wò níwájú Golu.

Bishni gbé agogo lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. "Ìwọ ni ojú ẹgbẹ́ wa. Sọ ọ́, kí o so ó."

Hansa gbójú sókè, ó rí Basanti lẹ́yìn gbogbo wọn. Ìborùn bo ojú rẹ̀, ẹyinjú nìkan ló hàn. Òun náà wá bẹ Golu kí ìpara yìí lè ṣiṣẹ́ fún òun.

"Màmá, mi ò lè so ó."

"Ṣé ó ga jù ni?"

"Kì í ṣe ìpara wa ló wo ojú mi sàn. Mo ra nǹkan ní kẹ́mísì kí ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n mi tó wáyé. Mo ṣì ń lò ó títí di àná."

Narayani, àgbàlagbà inú wọn, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ọmọ yìí, o ti tà wá." Nautiyal ti fóònù rẹ̀ bọ àpò. "Bishni, mi ò lè fi irọ́ tajà. Ẹ jẹ́ kí n máa lọ ná." Basanti ṣí ìborùn kúrò lójú kí gbogbo wọn lè rí i, lẹ́yìn náà ó yí padà, ó dá sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè.

Bishni kò na Hansa, kò sì pariwo. Nígbà tí wọ́n délé ló tó ní, "Orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́. Ìrorẹ́ ojú ẹ ò tì mí lójú rí. Àwọn obìnrin yìí gbà mí gbọ́ nítorí pé mo gbà ẹ́ gbọ́." Hansa ì bá fẹ́ kó na òun.

Ó fi túùbù sílẹ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n, ó wú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó sì ń gbé e lọ síléèwé bẹ́ẹ̀. Àwọn obìnrin bi àwọn ọmọbìnrin yòókù léèrè. Ìpara náà tu àwọn kan lára díẹ̀, kò sì ṣe nǹkan kan fún àwọn mìíràn. Ohun tí wọ́n sọ fún Nautiyal gan-an nìyẹn. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló rà, fún awọ gbígbẹ.

Hansa bá Basanti lọ sọ́dọ̀ dókítà ní Almora. Dókítà ní wíwú náà á lọ, ṣùgbọ́n àwọn ibi tó ti jinlẹ̀, òun kò lè ṣèlérí. Nínú ọkọ̀ tí wọ́n wọ̀ padà, Hansa bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀. "Jọ̀ọ́, foríjì mí. Mi ò mọ̀ pé á dà báyìí."

Basanti ń wo ìta. "Bó bá jẹ́ ìdánwò lo mú kí n fìdí rẹmi, mo lè tún un ṣe lọ́dún tó ń bọ̀. Ojú mi ni, Hansa."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, Hansa kò ní i lọ́kàn láti ṣe ẹnikẹ́ni ní ibi. Ó kàn fẹ́ kí inú ìyá rẹ̀ dùn, ó sì dákẹ́ nígbà tó yẹ kó sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n irọ́ kì í gbé ọ̀dọ̀ ẹni tó pa á. Á lọ ba ilé ẹni tó gbà á gbọ́ jẹ́. Bí ẹ bá ti ṣì í sọ, ẹ tètè tún un sọ.

Nígbà tó pẹ́, wíwú náà lọ, ojú Hansa sì ti jọ̀lọ̀ báyìí, ti Basanti ṣì ní àpá. Síbẹ̀, nígbàkigbà tí àwọn méjèèjì bá pàdé lọ́nà, Hansa ló máa ń sọ ojú sílẹ̀.