Kí Wọ́n Tó Rí Òkun

Orí ìdúró ni Cuiping ti ń sùn lọ́jọ́ tí Lou Bingkun kọ́kọ́ rí i. Ó fẹ̀yìn ti ògiri ní ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn kan ní ìlú Taiyuan ní ilẹ̀ Shanxi, níbi tí ẹ̀rọ omi gbígbóná wà. Ó gbé fúláàsì sábẹ́ ẹnu ẹ̀rọ náà, fúláàsì ti kún, omi ń dà sílẹ̀, ooru rẹ̀ ń rú bò ó lójú, ó sì ku díẹ̀ kí omi náà kan bàtà rẹ̀. Òun alára ò mọ̀.

Bingkun sáré na ọwọ́, ó ti ẹnu ẹ̀rọ pa. Bí omi ṣe dákẹ́ ni obìnrin náà la ojú.

"Mi ò sùn o," ló kọ́kọ́ sọ.

"Èmi náà rí i pé ẹ ò sùn," Bingkun dá a lóhùn. "Ẹ kàn ń ronú ni."

Cuiping wo ilẹ̀, ó wo fúláàsì, ó bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ẹni tó ti rẹ̀ tẹnutẹnu ni, kò pẹ́ tó fi tán. Síbẹ̀, nígbà tí Bingkun padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn bàbá rẹ̀, ẹ̀rín náà ṣì wà létí rẹ̀.

Iṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn ni Cuiping ń ṣe. Kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Òun ni ẹni tí ẹbí máa ń gbà kó bá wọn dúró ti èèyàn wọn, kó wẹ̀ ẹ́, kó yí i padà lórí ibùsùn, kó fi oúnjẹ sí i lẹ́nu. Bẹ́ẹ̀dì kékeré tó ṣeé ká ló ń tẹ́ sáàárín àwọn aláìsàn, ibẹ̀ ló sì ń sùn lọ́pọ̀ ìgbà. Ọkọ rẹ̀, Tian Baoliang, kú lójú ọ̀nà orí òkè níbi tó ti ń wa ọkọ̀ èédú. Kò fi ọmọ sílẹ̀, ìyá rẹ̀ nìkan ló fi sílẹ̀. Láti ìgbà náà, Cuiping ló ń bọ́ ìyá yìí, abẹ́ òrùlé kan náà ni wọ́n sì ń gbé.

Ní ti Bingkun, àwọn páìpù omi gbígbóná tó ń mú ilé móoru nígbà òtútù ló ń tún ṣe káàkiri ìlú. Ó ti ń sún mọ́ ogójì ọdún, kò tíì gbéyàwó. Láti ìgbà tí rọpárọsẹ̀ ti mú bàbá rẹ̀ ni àwọn alárinà ti gbàgbé ọ̀nà ilé wọn. Nígbà tí àìsàn náà tún gbé bàbá dé ilé ìwòsàn lọ́dún yẹn, Bingkun bẹ Cuiping pé kó bá òun tọ́jú rẹ̀.

Ẹnu Bàbá Lou ti wọ́, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti gbé núdùlù síwájú rẹ̀, á ní, "Ọtí kíkan dà?"

"Bàbá, dókítà ní kò gbọ́dọ̀ pọ̀," Cuiping á dáhùn.

"Dókítà yẹn, ọmọ ibo ni?"

"Kì í ṣe ọmọ Shanxi níbí, Bàbá, kò mọ̀ pé ọtí kíkan loúnjẹ wa."

"Mo mọ̀," Bàbá á wí, á sì la ẹnu gba oúnjẹ.

Ní ìrọ̀lẹ́, Bingkun á dé pẹ̀lú ìpẹtà páìpù lára aṣọ, ọ̀dùnkún sísun á sì wà nínú àpò rẹ̀ fún Cuiping. Lẹ́yìn náà á fa àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀, á ní, "Lọ sùn díẹ̀. Èmi á máa wò ó." Kò sẹ́ni tó tíì fún Cuiping ní irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀ rí. Díẹ̀díẹ̀, "ẹ" tí wọ́n ń pe ara wọn di "o".

Lọ́jọ́ kan, wọ́n jókòó sórí àtẹ̀gùn, wọ́n ń jẹun. Tẹlifíṣọ̀n inú yàrá kan tó ṣí sílẹ̀ ń fi òkun ìlú Qingdao hàn.

"O ti rí òkun rí?" Bingkun bi í.

"Èmi? Kí n ráyè fọ irun orí mi gan-an, ọdún ni."

"Jẹ́ ká lọ wò ó."

"Ta ni àti ta ni?"

"Ìwọ àti ẹni tó bá wù ẹ́. Ṣùgbọ́n èmi ni mo mọ bí a ṣe ń ra tíkẹ́ẹ̀tì."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pète. Wọn ò ní í lọ lásìkò ìsinmi oṣù kẹwàá, nígbà tí gbogbo ayé bá wà lójú ọ̀nà tí ibùsùn kan á sì wọ́n bíi màlúù. Ó di ẹ̀yìn ìsinmi, kó tó di pé wọ́n ṣí omi gbígbóná sínú ilé gbogbo, torí pé láti ọjọ́ yẹn Bingkun ò ní í ríbi yíjú sí mọ́. Ọkọ̀ ojú irin tó ń rọra rìn ni wọ́n á wọ̀, orí ìjókòó lásán, kò sí ti ibùsùn. Àkàrà pẹlẹbẹ àti ẹyin sísè ni wọ́n á gbé dání.

"Ilé àlejò tó kọjú sí òkun kì í ṣe tiwa," Bingkun ní. "Àwọn kan wà lẹ́yìn, lórí òkè, láàárín àwọn ilé àtijọ́ olórùlé pupa. Àtẹ̀gùn wọn pọ̀, ìyẹn ni wọn ò fi wọ́n."

"Èmi tí mò ń gbé aláìsàn lójoojúmọ́, kí ni àtẹ̀gùn fẹ́ fi mí ṣe?"

"A máa ra ẹran inú ìkarahun lọ́jà fúnra wa, a ó gbé e fún ilé oúnjẹ kó sè é. Owó iná nìkan ni wọ́n ń gbà. Ọ̀rá ni wọ́n sì ń bu bíà sí."

"Ọ̀rá? Báwo lèèyàn ṣe ń mu ún?"

"Mi ò mọ̀. Ìyẹn ni mo fẹ́ lọ wò."

Cuiping rẹ́rìn-ín títí. Lẹ́yìn náà ó tẹ orí ba. "Yàrá mélòó?"

"Méjì," Bingkun tètè dáhùn. "Méjì ni o."

"Kí ló dé tí etí ẹ pọ́n?"

"Ooru ni."

"Nínú afẹ́fẹ́ tútù yìí?"

Ṣùgbọ́n nígbà tí Cuiping sọ ọ́ nílé, Màmá Tian, ìyá ọkọ rẹ̀, gbé àwo tó ń nù sílẹ̀.

"Ọkùnrin ni?"

"Ọkùnrin ni, Màmá. Èèyàn dáadáa ni."

"Baoliang náà, èèyàn dáadáa ni. Tó o bá ń lọ, bá mi ti ilẹ̀kùn pa. Tó o bá dé, má wulẹ̀ ṣí i, torí mi ò ní í wá nǹkan jẹ mọ́."

Cuiping mú àwo náà, ó gbé e sí ààyè rẹ̀. Ó mọ̀ pé ìyá náà kò sọ ọ́ láti fi dẹ́rù ba òun. Nígbà tí wọ́n gbé òkú Baoliang dé, odidi ọ̀sẹ̀ ni kò fi jẹun. Cuiping ló ń fi ṣíbí bu omi sí i lẹ́nu.

Ní ọjọ́ kejì, ó sọ fún Bingkun pé òun ò lè lọ.

"Tó bá di ìgbà mìíràn ńkọ́?"

"Bingkun, ó ti rẹ̀ mí. Mi ò lágbára àtibá ẹnikẹ́ni jà mọ́. Mi ò lè bá Màmá jà, mi ò sì lè bá ẹ jà. Jọ̀ọ́, má bi mí mọ́."

Kò bi í mọ́. Ó dá tíkẹ́ẹ̀tì padà.

Bàbá Lou kú nígbà tí yìnyín àkọ́kọ́ ń bọ́. Cuiping ló wẹ̀ ẹ́, tó wọ aṣọ fún un, ó sì rọra to irun rẹ̀ bí ẹni pé ó ń lọ kí èèyàn. Bingkun yíjú sí i láti dúpẹ́. Cuiping fọwọ́ kan apá rẹ̀, ó sì kọjá lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n pè é sí ilé ìwòsàn mìíràn ní ìhà kejì odò tó gba àárín ìlú kọjá, àwọn méjèèjì ò sì rí ara wọn mọ́.

Òtútù ọdún náà gùn. Bingkun á ti ibi iṣẹ́ dé, á jókòó láìbọ́ bàtà, á máa wo ibùsùn bàbá rẹ̀ tó ti ṣófo. Cuiping náà á dúró lójú fèrèsé ilé ìwòsàn tuntun, kò ní í mọ ohun tó ń wò.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, páìpù bẹ́ ní àdúgbò àwọn ilé àtijọ́. Bí ọ̀gá ṣe ń pín iṣẹ́, Bingkun gbọ́ àdírẹ́sì kan, ó sì dá a mọ̀. Ilé Cuiping ni. Ó bẹ ẹni tí wọ́n yan pé kó jẹ́ kí òun lọ. Ó rò pé bóyá òun á rí i, kó tiẹ̀ jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan.

Cuiping ò sí nílé. Màmá Tian ló ṣílẹ̀kùn, ó wọ ẹ̀wù lé ẹ̀wù.

"O ti pẹ́ jù. Ṣé o fẹ́ kí n di yìnyín kó o tó wá ni?"

"Ẹ má bínú, Màmá."

Ó dojú bolẹ̀ sábẹ́ fèrèsé, ó ń tún páìpù náà ṣe, omi tútù rin ín dé èjìká. Nígbà tí ooru padà sínú páìpù, ìyá arúgbó náà fọwọ́ pa á, ó mí kanlẹ̀, ó sì gbé àwo núdùlù síwájú rẹ̀.

"Jẹun. O ò níyàwó ni? Wo bọ́tìnnì tó já láyà ẹ."

"Mi ò ní, Màmá."

"Ọwọ́ tó mọṣẹ́ báyìí? Kí ló dé?"

Bingkun wo àwòrán Baoliang lára ògiri. Kò lè purọ́ níwájú rẹ̀. "Mo rí ẹnìkan. Ó ní ìyá ọkọ kan tí kò lè fi sílẹ̀."

"Ìyá burúkú!" Màmá Tian ní. "Ọmọ tiẹ̀ ti kú, ó wá fẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ náà…"

Ó wo ọkùnrin tó jókòó síwájú rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀.

"Kò burú, Màmá," Bingkun rọra wí. "Ẹ̀rù ló ń bà á. Bàbá tèmi kú ní ìbẹ̀rẹ̀ òtútù yìí. Mo mọ bí ilé ṣe ń rí téèyàn bá dá wà."

Màmá Tian náà yíjú wo àwòrán ọmọ rẹ̀.

"Ìwọ ni oní-Qingdao yẹn," arúgbó náà ní.

"Èmi ni, Màmá."

"O sì jókòó sílé mi, ò ń jẹ núdùlù mi."

"Ó dùn, Màmá."

"Gbẹ́nu ẹ sọ́hùn-ún!" Ṣùgbọ́n ó tún bu díẹ̀ sí i. Nígbà tí Bingkun dé ẹnu ọ̀nà, ó pè é padà. "Òkun yẹn. Ṣé àgbà tí orúnkún ń dùn lè dé ibẹ̀?"

"Ìjókòó ọkọ̀ le, Màmá. Àtẹ̀gùn sì pọ̀."

"Ṣé àtẹ̀gùn ni mo bi ẹ́ ni?"

"Wọ́n lè dé ibẹ̀. Èmi á pọ̀n yín."

Nígbà tí Cuiping wọlé lọ́jọ́ kejì, ilé ti móoru. Ó béèrè ẹni tó tún un ṣe.

"Ọkùnrin kan tí kò ní bọ́tìnnì," Màmá Tian ní láìgbójú sókè. "Ó ní ká mú aṣọ tó nípọn dání, pé afẹ́fẹ́ òkun tutù. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta."

Cuiping jókòó sórí ibùsùn tòun ti kóòtù lọ́rùn, ó sì sunkún. Gbogbo àárẹ̀ ọdún wọ̀nyẹn ló ń bá omijé náà jáde. Ìyá ọkọ rẹ̀ wá jókòó tì í, ó bá a tú okùn bàtà rẹ̀.

Wọ́n tún ètò náà ṣe. Ó di oṣù kẹrin, nígbà tí wọ́n bá ti pa omi gbígbóná, kí ìsinmi oṣù karùn-ún tó gbé owó gbogbo nǹkan lọ sókè. Ẹyin sísè wọn pọ̀ sí i, nítorí Màmá Tian ní òun ò mọ irú oúnjẹ tí àwọn ará etíkun ń jẹ.

Bí wọ́n ṣe sọ̀kalẹ̀ ní Qingdao, ẹ̀yìn ń dun gbogbo wọn. Bingkun pọn ìyá náà gun àtẹ̀gùn lóòótọ́, Cuiping sì ru àpò tẹ̀lé wọn. Obìnrin tó ni ilé àlejò náà gba káàdì ìdánimọ̀ wọn, ó wò wọ́n níkọ̀ọ̀kan. Orúkọ ìdílé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

"Kí lẹ jẹ́ síra yín?" ó béèrè.

Cuiping wo Bingkun. Bingkun wo ilẹ̀.

"Ọmọ mi rèé," Màmá Tian dáhùn láti ẹ̀yìn Bingkun. "Ọkọ rẹ̀ sì ló pọ̀n mí yìí. Níbo ni wọ́n ń gbà dé òkun?"

Nígbà tí wọ́n débẹ̀, kùrukùru ti bo gbogbo rẹ̀. Etí ni wọ́n fi mọ̀ pé òkun wà níwájú.

"Gbogbo owó ọkọ̀ yìí," Màmá Tian ní, "èéfín la wá wò!" Síbẹ̀ ó bọ́ bàtà, ó rọra ń wọ́ lọ síbi tí omi ti ń pariwo.

Bingkun wú ikọ́ díẹ̀. "Ohun tí Màmá sọ fún onílé yẹn…"

"Irọ́ ni," Cuiping ní.

Bingkun yíjú sí kùrukùru náà.

"Irọ́ ni lónìí," obìnrin náà ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ, ó sì fi ọwọ́ tó ti le nítorí iṣẹ́ di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Tá a bá délé, a máa lọ forúkọ ìgbéyàwó sílẹ̀. Kò dáa kí àgbà di òpùrọ́ nítorí wa."

"Cuiping."

"Kí ni?"

"Kò sí nǹkan kan. Mo kàn ń pè ẹ́ ni."

"Máa pè mí," ó ní. "Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ gbọ́ ọ."

Kùrukùru náà kò ká títí wọ́n fi padà sílé. Kí oṣù karùn-ún tó parí, wọ́n gba ìwé ìgbéyàwó wọn, wọ́n sì háyà ilé kékeré oníyàrá méjì kan lẹ́bàá odò. Màmá Tian wọ inú méjèèjì, ó fọwọ́ kan ògiri, ó wo ìta, ó sì ní yàrá tí oòrùn ń wọ̀ ni tòun.

Wọ́n fún un.